Èsì: "Róbà ìtọ̀" kò lè jẹ́ orúkọ stent

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹni tó ní ká máa pe stent inú kíndìnrín, ìyẹn róbà tín-ín-rín tí dókítà máa ń fi sínú ara kí ọ̀nà ìtọ̀ má baà dí, ní "ọ̀pá ìtọ̀" gbìyànjú. Ẹni tó dáhùn pé "róbà ìtọ̀" ti tó ni mo fẹ́ bá jà (ìjà ọ̀rẹ́ ni).

Ní Kàbà níbí, róbà ìtọ̀ ni èyí tó yọ síta, tí báàgì rẹ̀ ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Stent kì í yọ síta. Ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti kíndìnrín bọ́ sínú àpòòtọ̀ ló máa ń wà, orí rẹ̀ méjèèjì á ká bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀ kó má baà ṣí kúrò. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ òkúta inú kíndìnrín fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àti stent àti róbà oníbáàgì ni wọ́n fi sí wọn lára. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ká yọ róbà." Kí wọ́n tó kúrò ní ọsibítù, wọ́n ti fa ti báàgì yọ. Bàbá délé, wọ́n ní róbà ti kúrò. Ṣé wọ́n purọ́ ni?

Ó di ọdún kẹrin kí ẹ̀jẹ̀ tó máa bá ìtọ̀ wọn jáde. Èmi ni mo gbé fọ́tò X-ray sókè sí ojú fèrèsé: stent ṣì wà níbẹ̀, òkúta ti dì mọ́ orí rẹ̀ ìsàlẹ̀, ó tó ẹyin ẹyẹlé. Iyọ̀ inú ìtọ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, bíi nǹkan funfun tó máa ń dì sínú kẹ́tùlù. Kò ṣeé fà mọ́. Àfi ìgbà tí wọ́n fọ́ òkúta náà. Kíndìnrín ọ̀hún ti kú, kò tilẹ̀ dùn wọ́n.

Ẹ má sì ní ká fi "stent" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ Charles Stent, oníṣègùn eyín kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ní ó ti wá. Kò sọ nǹkan kan fún wa. Èyí tí wọ́n ń fi sí iṣan ọkàn, a kì í yọ ọ́. Ti kíndìnrín kò gbọdọ̀ pẹ́. Orúkọ kan náà!

"Róbà àyálò" ni tèmi, torí ohun tí a bá yá, a gbọ́dọ̀ dá a padà. Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé ọ̀rọ̀ àyálò, èyí tí a yá láti èdè mìíràn, kì í padà sílé mọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo dán an wò lára Bàbá lálẹ́ àná. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ta ló yá mi? Ìgbà wo ló fẹ́ gbà á?"