Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: káàdì Wi-Fi wo ni kí n kì sínú Dell pẹlẹbẹ yìí?

Ọmọ Lágéré
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Kọ̀ǹpútà Dell tòkunbọ̀ kan ni mo ń lò ní Lágéré níbí, irú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní SFF, Core i5 ìran kẹrin, Windows 10. Kò ní Wi-Fi nínú. Wi-Fi USB bíńtín kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì máa ń já ṣáá. Pálọ̀ onílé ni router wà, ògiri méjì ló wà láàárín wa. Mẹ́ta ni wọ́n fi hàn mí ní Sábó: ọ̀kan tí wọ́n kọ 300Mbps sí lára, ọ̀kan AC1200, ọ̀kan AX3000 tó ní Bluetooth. Owó wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá. Ohun tó tún ń dà mí láàmú ni pé ihò gígùn méjì péré ni mo rí nígbà tí mo ṣí kọ̀ǹpútà náà, bẹ́ẹ̀ ẹnu káàdì wọ̀nyí kúkúrú. Ṣé yóò wọ̀ ọ́? Èwo ni kí n rà?

Alátùn-únṣe Sábó
Yóò wọ̀ ọ́. PCIe x1 ni káàdì Wi-Fi: PCIe ni irú ihò tí a ń ki káàdì sí lórí motherboard, ìyẹn pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà, x1 ló kúrú jù. Ihò x4 tàbí x16 tó gùn ń gbà á láìjanpata, ibi tó kù á kàn ṣófo ni. Èyí tí kò lè gbà á ni ihò PCI ayé àtijọ́, tó sábà máa ń funfun. Ẹ má fi agbára tì í sí ìyẹn.

Irin ẹ̀yìn káàdì ni wàhálà SFF, èyí tí wọ́n ń fi skúrù dè mọ́ ara kọ̀ǹpútà. Irin ti kọ̀ǹpútà ńlá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Ti pẹlẹbẹ kò ju 8 lọ. Bó bá jẹ́ gígùn nìkan lẹ rà, ìdérí kò ní pa dé. Àwọn káàdì tó dáa máa ń ní irin méjèèjì nínú páálí, nítorí náà kí wọ́n ṣí páálí níwájú yín, kí ẹ fojú rí irin kúkúrú kí ẹ tó sanwó. Ẹlòmíì á ní "ẹ yọ irin náà dànù, kò séwu." Ewu wà níbẹ̀. Láìsí irin, kò sóhun tó di káàdì mú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yí áńtẹ́nà tàbí tí ẹ gbé kọ̀ǹpútà, ẹnu rẹ̀ á yẹ̀ nínú ihò, Windows kò sì ní rí i mọ́.

Kafé Mayfair
Àbúrò, kó o tó ra nǹkan kan, lọ wo router onílé yín ná. 300Mbps yẹn, 2.4GHz nìkan ló sábà máa ń gbà (2.4GHz àti 5GHz ni ìgbì méjì tí router fi ń ránṣẹ́). AC1200 (AC ni Wi-Fi 5) ni 300 lórí 2.4GHz pẹ̀lú 867 lórí 5GHz. AX3000 (AX ni Wi-Fi 6) ni 574 lórí 2.4GHz pẹ̀lú 2402 lórí 5GHz, ṣùgbọ́n 2402 yẹn kò ní yọjú àfi tí router náà bá jẹ́ Wi-Fi 6 tó ń lo 160MHz, ìyẹn ọ̀nà tó fẹ̀ gan-an. Níwájú router AC, AX3000 á máa ṣe bí AC ni. Gbogbo nọ́ńbà ara páálí, pín in sí méjì. Bí ìdajì rẹ̀ ni ojú máa ń rí. Bó bá sì jẹ́ 20Mbps ni data tí onílé ń fà wọlé, káàdì olówó gọbọi kò lè sọ ọ́ di 21. Jíjá tó ń já ni káàdì lè wò sàn.

Ọmọ Ọpa
Ẹ má bínú o, ṣé káàdì tilẹ̀ ni ìṣòro? USB bíńtín lẹ́yìn kọ̀ǹpútà: irin níwájú, ògiri lẹ́yìn. Bó bá tún lọ jẹ́ pé ihò búlúù ti USB 3.0 ló wà, USB 3.0 máa ń da ìgbì 2.4GHz rú gan-an, Intel fúnra wọn tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀ ní 2012. Ẹ ra waya extension USB mítà kan, kí ẹ gbé nǹkan náà gorí tábìlì. Owó tíńtín ni.

Alátùn-únṣe Sábó
Mi ò jiyàn, ẹ kọ́kọ́ dán ìyẹn wò. Àmọ́ áńtẹ́nà inú èyí tó tó èékánná kò lágbára fún ògiri méjì. Káàdì inú náà ní irú àrùn yìí bí áńtẹ́nà rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀pá méjì tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀yìn, nítorí ẹ̀yìn irin kan náà ló máa wà. Èyí tí áńtẹ́nà rẹ̀ ní waya àti ìdí onímágínẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ wá. Bí ẹ bá máa rà á lọ́tọ̀, RP-SMA ni kí ẹ bèèrè: abẹ́rẹ́ wà láàárín ẹnu káàdì, ihò ni ti áńtẹ́nà. Bí áńtẹ́nà náà bá ní abẹ́rẹ́, SMA ni wọ́n gbé fún yín, abẹ́rẹ́ á gún abẹ́rẹ́.

Ọmọ Lágéré
Ẹ ṣé gan-an ni. Orúkọ méjì ni router gbé jáde, ọ̀kan ní 5G (ìyẹn 5GHz) nínú. Fóònù mi rí méjèèjì lórí tábìlì, ṣùgbọ́n 5G kò kún tó ìkejì. Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé kí n tìtorí Bluetooth ra AX3000?

Kafé Mayfair
AC1200 tó o. 5GHz kì í fẹ́ràn ògiri, pàápàá ògiri alámọ̀ tó nípọn. Bí 5GHz bá ń mì, ṣí káàdì náà nínú Device Manager Windows, lọ sí Advanced, wá "Preferred Band", kó o mú 2.4GHz. Kì í ṣe gbogbo driver (ètò tí Windows fi ń darí káàdì) ló ní in. Bí tìrẹ kò bá ní in, orúkọ 2.4GHz ni kó o máa wọ̀.

Alátùn-únṣe Sábó
Bluetooth ara káàdì yìí kì í gba inú PCIe. Waya kan máa ń bá a wá tí a ń kì mọ́ abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án ti USB lórí motherboard. Lára Dell àti HP, USB iwájú lè ti gba ibẹ̀, tàbí kó má tiẹ̀ sí. Àwọn èèyàn á wá máa ní Bluetooth káàdì kò ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé wọn ò ki waya rẹ̀. Ẹ ṣí kọ̀ǹpútà, kí ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó lórí ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi 6E (Wi-Fi 6 tó fi ìgbì 6GHz kún un) ta yín lọ́jà: Windows 11 ni 6GHz ń béèrè, i5 ìran kẹrin kò sí lára àwọn tí Microsoft fọwọ́ sí fún un.

Ọmọ Ọpa
Bí wọ́n bá gbé káàdì Intel M.2 (káàdì kékeré irú ti láptọ́ọ̀pù) tó jókòó lórí adapter PCIe wá, ẹ ka orúkọ rẹ̀. AX200 àti AX210 ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. AX201 àti AX211 kò ní ṣiṣẹ́ láéláé, motherboard Intel tó ní CNVi (tí apá kan iṣẹ́ Wi-Fi ti wà nínú chip Intel fúnra rẹ̀) ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Waya áńtẹ́nà inú adapter gbọ́dọ̀ jẹ́ MHF4, irú ẹnu waya tó kéré. Ti mini PCIe àtijọ́ tóbi jù, kò ní di ẹnu káàdì mú. Ayédèrú náà pọ̀. Nínú Device Manager, lọ sí Details, Hardware Ids: VEN_8086 ni Intel, DEV_2723 ni AX200, DEV_2725 ni AX210. VEN_10EC, Realtek nìyẹn, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí.

Alátùn-únṣe Sábó
Bí ẹ bá fẹ́ kì í: ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ waya iná lára ògiri, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 15. Ẹ má kàn pa á lásán, iná díẹ̀ máa ń wà lórí motherboard níwọ̀n ìgbà tí waya bá ṣì wà lára ògiri. Ẹ fọwọ́ kan irin rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan káàdì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé tààrà títí tí wúrà ẹnu rẹ̀ kò fi ní hàn mọ́, ẹ de skúrù, kí áńtẹ́nà wá kẹ́yìn. Bí Windows kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi waya so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ tan USB tethering, á rí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa fi wá driver. Bó bá tún ń já lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Power Management káàdì náà, kí ẹ yọ àmì tó ń jẹ́ kí Windows máa pa á láti fi iná pamọ́.

Ọmọ Lágéré
Ó yé mi. Waya extension ni màá kọ́kọ́ rà. Bí kò bá yanjú, AC1200 onímágínẹ́ẹ̀tì tó ní irin kúkúrú.

Kafé Mayfair
Gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ orúkọ káàdì náà gan-an sí i, kí wọ́n má kàn kọ "Wi-Fi card". Ìyẹn lo máa fi dá a padà bí Hardware Ids bá sọ nǹkan mìíràn.