"Akunnilóorun" kò bá abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn mu

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Arábìnrin wa tó ń túmọ̀ ìwé pélébé fún àwọn aboyún tó máa fi iṣẹ́ abẹ bímọ ní ká fi "oògùn akunnilóorun" dúró fún "anaesthesia", ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ìrora iṣẹ́ abẹ, jálẹ̀ ìwé náà, torí pé òun ló ti wà nílẹ̀. Ẹlòmíì dábàá "amárakú". Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Obìnrin náà á jókòó, á tẹ̀ síwájú, dókítà á gún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, ìyẹn abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo, kò sì ní mọ ìrora mọ́ láti àyà lọ sísàlẹ̀. Àmọ́ kò sùn o. Ó ń gbọ́ ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ, ó sì máa gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ẹni tí a ti sọ fún pé wọ́n máa kùn ún lóorun, tí ojú rẹ̀ wá là kedere nígbà tí wọ́n fẹ́ la ikùn rẹ̀, á figbe ta pé oògùn ò jẹ́.

Ọ̀rọ̀ Òyìnbó yẹn gan-an, "anaesthesia", Oliver Wendell Holmes, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló dábàá rẹ̀ ní 1846, ọdún tí Morton, oníṣègùn eyín, fi ether, oògùn tí wọ́n ń fà símú, kun èèyàn lóorun ní Boston. Ó di 1898 kí dókítà August Bier tó fi abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ṣe iṣẹ́ abẹ ní Kiel, ní Jámánì. Ọ̀rọ̀ náà ti wà kí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó dé, wọ́n kàn fẹ̀ ẹ́ ni. Kí ló kàn wá nínú ìyẹn?

Ní ti "amárakú", ta ló fẹ́ gbọ́ "kú" nígbà tí gbogbo ilé ń ṣàdúrà pé wẹ́rẹ́ lewé ń bọ́ lára igi? (Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé "kú" wà nínú "ẹ kú ewu ọmọ". Ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ sì mọ̀.) Bí ẹnì kan bá sì ń múra láti mú "apamọ̀lára" wá, òun náà ò pé: obìnrin náà ṣì máa ń mọ̀ ọ́n lára bí wọ́n ṣe ń fa ikùn rẹ̀ tí wọ́n sì ń tì í, ìrora ni kò mọ̀.

Ohun tí àwọn obìnrin fúnra wọn ń pè é ni kí a kọ: abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n máa ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ sí lẹ́yìn, kí wọ́n lè máa fi oògùn kún un, a lè pè é ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn onírọ́bà. Kí "akunnilóorun" dúró sí àyè rẹ̀, fún ẹni tí wọ́n bá kùn lóorun lóòótọ́, bíi nígbà pàjáwìrì tí kò sí àyè fún abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn.

Apá tó dá lórí ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nínú ìwé náà ló tiẹ̀ ká mi lára jù. Arábìnrin wa kọ ọ́ pé: "Ẹ lo apàrora nígbà tí ara bá ń ro yín." Ara ríro kẹ̀? Ẹni tó roko lánàá ni ara ń ro. Ojú ọgbẹ́ máa ń ta, ó sì máa ń dunni. Èyí tó burú jù ni "nígbà tí". Ẹ mọ àwọn ìyá wa: títí ìrora á fi le koko ni wọ́n á máa pa á mọ́ra, kí wọ́n lè gba orúkọ "obìnrin bí ọkùnrin", wọn ò wá ní lè wúkọ́, wọn ò ní lè dìde gbé ọmọ sọ́mú. Ohun tí dókítà máa ń fẹ́ ni pé kí wọ́n lo parasítámọ́ọ̀lù lásìkò, kí ìrora tó dé: gíráàmù 1, ìyẹn hóró 2 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 mg, ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kó má ju gíráàmù 4 lọ lóòjọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ "lásìkò, bí kò tiẹ̀ tíì dùn yín".

Kí a má sì kọ "apàrora" lásán, ká dárúkọ oògùn. Apàrora ni kòdéènì àti tramadol náà lẹ́nu àwọn tó ń ta oògùn, bẹ́ẹ̀ FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ láti 2017 pé kí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú má lò wọ́n. Bí wọ́n bá fi mọ́fíìnì, apàrora tó lágbára, sí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ara lè máa yún obìnrin náà. Kí ìwé náà sọ ọ́, kí obìnrin náà má bàa rò pé ẹnì kan ń ṣe òun.

Ìrora kan ṣì kù tí mi ò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún. Lẹ́yìn ìbí, ilé ọmọ máa ń sún kì, ó sì máa ń le sí i bí ọmọ bá ń mu ọmú. "Inú rírun" fẹ̀ jù. "Ìrọbí" kọ́, ọmọ ti dé. Ẹ̀yin agbẹ̀bí tó wà láàárín wa, kí lẹ ń pè é lágbègbè yín?