Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ mi ní ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, bàbá rẹ̀ ò gbà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí wa ní àwọn fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò ní ìlúwẹ̀ẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Fọ́ọ̀mù ti dọ́wọ́ mi. Ọmọ ọdún 7 ni ọmọbìnrin mi. Bí omi bá ti kan ojú rẹ̀ ní balùwẹ̀, igbe ni. Bàbá rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá, ó ní ọmọ tí ò bá sún mọ́ omi, omi ò lè gbé e lọ. Èmi fẹ́ kó lọ, àmọ́ mi ò mọ ohun tó yẹ kí n béèrè kí n tó fọwọ́ sí i.

Ìyá ọmọ mẹ́ta: Ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ọmọ nìkan ló máa ń lọ bá omi ni? Òjò á rọ̀, kòtò á kún, ọmọ á máa ṣeré, ẹsẹ̀ á yọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kú sómi lọ́dún 2021, àwọn tí ò tíì pé ọdún 5 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin wọn. Àjọ yìí náà ló ní ká máa kọ́ ọmọ tó ti lé lọ́dún 6 ní ìlúwẹ̀ẹ́.

Olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́: Iṣẹ́ mi nìyí, mà á sọ bó ṣe ń rí. A kì í gbé ọmọ tó ń bẹ̀rù jù sómi. Á kọ́kọ́ jókòó létí adágún, á máa fẹsẹ̀ ta omi. Tó bá yá, á dúró níbi tí omi ò ti kọjá àyà rẹ̀, á di etí adágún mú, á ki ẹnu bọ omi, á sì máa fẹ́ atẹ́gùn síta títí omi á fi máa hó. Ọmọ tó bá ti lè ṣe èyí láìfa omi símú, ẹ̀rù rẹ̀ ti ń lọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà la ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn lé omi: etí nínú omi, ojú sókè, ikùn sókè. Àwọn òbí máa ń fẹ́ kí ọmọ tètè máa sáré nínú omi. Lójú tèmi, ọmọ tó já sómi láìròtẹ́lẹ̀, tó lè yíra padà kó léfòó, kó sì wá etí adágún dì mú, ti rí nǹkan gidi gbà.

Ẹ bi wọ́n: ọmọ mélòó ni olùkọ́ kan ń mójú tó? Ta ló dúró lókè tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa ṣọ́ omi lọ? Bí wọ́n bá ní ẹni tó ń kọ́ wọn náà ló ń ṣọ́ wọn, ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń rì kì í sábà pariwo, torí ẹnu rẹ̀ ti wà lábẹ́ omi.

Bàbá kan: Ẹ̀yìn ìgbà tó bá mọ̀ ọ́n tán lèmi ń bẹ̀rù. Ọmọ tó mọ omi adágún á rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni odò tó ń ṣàn rí.

Olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́: Òótọ́ ni, sà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́ wọn pé kí wọ́n má dá wọ omi láé. Bí ọ̀rẹ́ wọn bá sì já sí i, kí wọ́n má bẹ́ tẹ̀ lé e. Kí wọ́n na igi tàbí kí wọ́n ju okùn sí i, kí wọ́n sì fariwo pe àgbàlagbà.

Nọ́ọ̀sì: Bí ọmọ bá ní ikọ́ fée, wárápá tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì kọ́kọ́ rí dókítà. Omi tútù lè dá ìrora sílẹ̀ fún ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti kà á sí bàbá rẹ̀ létí. Ó ní kò burú, àmọ́ òun fẹ́ fojú ara òun rí ẹni tó ń ṣọ́ omi náà. Ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kí òbí jókòó tì wọ́n?

Olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́: Ó yẹ kí wọ́n gbà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ bi wọ́n nídìí. Kí bàbá jókòó sẹ́yìn díẹ̀ ṣá, torí bí ọmọ bá ń rí i, òun ni á máa wò dípò olùkọ́.