Lẹ́ǹsì gígùn tí owó rẹ̀ ò pani: kí lojú yín rí?

Ìyá Ìbejì Fọ́tò: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sony a6400 ni mo ń lò, lẹ́ǹsì 16-50 (mìlímítà ni; bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń fa nǹkan sún mọ́ni tó) tó bá a wá nínú páálí ni mo sì fi ń jẹun títí dòní. Mo fẹ́ ra èyí tó ń fa ọ̀nà jíjìn sún mọ́ni, àmọ́ owó ọwọ́ mi ò ká àwọn lẹ́ǹsì funfun ńláńlá yẹn. 55-210 ni mo ń wò. Ẹnì kan ní kí n kúkú tiraka ra 70-350, ẹlòmíì ní Tamron 70-300. Iṣẹ́ mi ò ju ṣọ́ọ̀ṣì, ìkómọ, ìgbéyàwó àti eré ìje àwọn ọmọ iléèwé lọ. Ẹ má ka ohun tó wà lára páálí fún mi o, ohun tójú yín rí ni kẹ́ ẹ sọ.

Sàkà Studio: 70-200 f/2.8. Ó parí.

Ìyá Ìbejì Fọ́tò: Ẹ̀gbọ́n Sàkà, ṣé ẹ ka ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ owó ṣá?

Dámọ́lá Abẹ́òkúta: Mo lo 55-210 dáadáa kí n tó tà á. Gíráàmù 345 péré ni, ọrùn ò ní dùn yín. Lójú oòrùn, kò sẹ́ni tó máa wo fọ́tò rẹ̀ tó máa bi yín pé èló lẹ rà á.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ti ìgbéyàwó kan tí mo lọ yà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, pásítọ̀ gba máíìkì, ó ní ońyàwòrán tó bá ré kọjá ìjókòó kẹta, òun àti Ọlọ́run ni. Ọ́ṣà méjì wá dúró tì mí, wọn ò tiẹ̀ bá ìjọ kọrin mọ́, èmi ni wọ́n ń ṣọ́. Mo fa lẹ́ǹsì dé 210. Tó bá ti dé ibẹ̀, ojú rẹ̀ ò lè là ju f/6.3 lọ (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń là tó, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń wọlé tó). Ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún ṣókùnkùn, gílóòbù tó wà lókè pẹpẹ ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ lágbára, dé 12800 (tó bá ti pọ̀ jù, àwòrán á ní hóró), shutter ò kúrò ní ìdá 1/80 ìṣẹ́jú àáyá. Ọkọ ń fi òrùka síyàwó lọ́wọ́, ìka rẹ̀ ń gbọ̀n, èmi náà ń gbọ̀n. OSS inú lẹ́ǹsì, ìyẹn ohun tó ń gba ìgbọ̀nrìrì, bá mi mú ọwọ́ tèmi dúró, kò lè bá ọkọ ìyàwó mú tiẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, òrùka ò hàn, gbogbo ojú ìyàwó wá rí hóró-hóró bíi gààrí Ìjẹ̀bú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Gidi: Kí ló kan gààrí wa nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Alto Kejì: Pásítọ̀ yẹn gbayì lójú mi. Èmi kì í ṣe ońyàwòrán o, ọkọ mi ló ń ṣe é, mo kàn máa ń yọjú síbí ni. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi, àwa tá a jókòó lápá ọ̀tún, ìdí àwọn ońyàwòrán àti ti oní-fídíò la wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn la fi mọ̀ pé wọ́n ti jẹ́ ẹ̀jẹ́.

Dámọ́lá Abẹ́òkúta: Ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́kọ́ pariwo pé fọ́tò òrùka dà, mà.

Alto Kejì: Ẹ ra èyí tó ń ríran lókèèrè kẹ́ ẹ dúró sẹ́yìn. Ṣebí ohun tí obìnrin yìí ń béèrè náà nìyẹn.

Tósìn Ìkòròdú: Ti ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi ońyàwòrán sí. Ìjókòó kẹta ló ń dùn yín.

Baba Yàrá-Òkùnkùn: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àríyànjiyàn. Ìgbà tí mò ń fọ fíìmù fúnra mi, ASA 400 (ISO ayé àtijọ́ nìyẹn) ni mo fi ń ṣe àríyá alẹ́, fíláṣì ni mo gbójú lé. Ẹ̀yin tó ní 12800, ẹ tún ń ráhùn.

Ìyá Ìbejì, ohun tó ṣe Dámọ́lá kì í ṣe ẹ̀bi lẹ́ǹsì yẹn. Ìmọ́lẹ̀ tí f/2.8 ń gbà wọlé tó ìlọ́po márùn-ún èyí tí f/6.3 ń gbà. Ẹ ò lè fi gígùn san gbèsè ìmọ́lẹ̀. 70-350 tí wọ́n ń tọ́ka yín sí yìí mú ju 55-210 lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n f/6.3 ni òun náà máa bá dé òpin. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Ìjẹ̀bú-Igbó yẹn, òkùnkùn kan náà lẹ máa bá. Tó bá jẹ́ èmi ni, FE 85mm f/1.8 ni màá rà. Lórí a6400, torí ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ kéré, á gùn tó bíi 127mm, kò sì wúwo. Ẹ jókòó síbi tí pásítọ̀ bá fi yín sí, ẹ máa yà á lọ.

Sàkà Studio: Baba, ẹ kú àgbà. Àmọ́ súùmù ló béèrè. 85 ò ṣe é fà.

Baba Yàrá-Òkùnkùn: Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?

Tósìn Ìkòròdú: Ọ́ṣà ti di ẹsẹ̀ mú, sà 😂

Káyọ̀dé a7: Tamron 70-300 ni mo ní, orí a7 III ló wà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, kò wúwo, àwòrán rẹ̀ mọ́ rekete. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, mà: lẹ́ǹsì yẹn ò ní ohun tó ń gba ìgbọ̀nrìrì nínú. Kámẹ́rà tèmi ní tiẹ̀ nínú ara rẹ̀, ìyẹn ló ń kó mi yọ. a6400 yín ò ní. Tẹ́ ẹ bá so àwọn méjèèjì pọ̀, kò sẹ́ni tó máa bá yín di nǹkan kan mú ní 300. Ẹ ò ní lè jẹ́ kí shutter wálẹ̀ ju 1/500 lọ. Ní pápá iléèwé, oòrùn á fún yín. Nínú hóòlù, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Fọ́tò: Ẹni tó ń tà á ò sọ èyí fún mi o!

Káyọ̀dé a7: Ṣé ó máa sọ ọ́ ni?

Ṣèyí 3SC: 70-350 tí Baba ń tẹ́ńbẹ́lú yẹn, òun ni mo fi ń ya bọ́ọ̀lù ní Adámásìngbà. Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn gọ́ọ̀lù kan, á rí ojú gólí kejì. Autofocus rẹ̀, ohun tó ń mú kí àwòrán mọ́ fúnra rẹ̀, ò ń ro ohunkóhun lẹ́ẹ̀mejì. Wàhálà ibẹ̀ ò ju pé tí oòrùn bá ti ń wọ̀ ní ìdajì kejì, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ISO sókè. Owó ló kàn ń dunni. Dọ́là 999 ni wọ́n pè é nígbà tó jáde lọ́dún 2019, ẹ wá fi náírà òde òní sọ ọ́.

Baba Yàrá-Òkùnkùn: Mi ò tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Gidi: Ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ná, ẹ jẹ́ ká lọ Ojúde Ọba. Canon R10 ni tèmi, RF 100-400 ló wà níwájú rẹ̀. Dọ́là 649 ni ìyẹn nígbà tó jáde ní 2021. Gbogbo èèyàn ló ń bú u nítorí pé ní 400, f/8 ni. Ẹ wá wò ó lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin bọ̀, ìbọn ń dún, eruku ń sọ, oòrùn dúró gangan lórí. f/8, 1/1600, ISO 400, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹṣin kan gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, mo lè ka irun ọrùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni ti ooru. Tẹ́ ẹ bá dúró lókèèrè ya ẹni tó wà lórí ilẹ̀ tó ti gbóná, atẹ́gùn gbígbóná tó wà láàárín yín á máa jó, ojú èèyàn á dà bí ẹni ń yọ́. Owó kò lè rà á kúrò, lẹ́ǹsì mílíọ̀nù náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sún mọ́ wọn ni, tàbí kẹ́ ẹ tètè jí dé.

Sàkà Studio: Látìgbà tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ti gba ìgboro kan ní 2024, ońyàwòrán ti fẹ́ pọ̀ ju ẹṣin lọ níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Gidi: Ìwọ náà kí lo wá ṣe?

Sàkà Studio: Mo wá jẹ ìkọ́kọrẹ́.

Olólùfẹ́ Ẹyẹ: Lẹ́ǹsì Ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn ni mo ń gbé wọ igbó IITA n'Íbàdàn. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀, Ibadan malimbe, ẹyẹ dúdú tó ní pupa lórí, kò sí níbòmíì láyé ju ìhà wa yìí lọ. Lábẹ́ igi níbẹ̀, ISO 6400 ni ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Mi ò tíì rí ẹyẹ náà yà.

Tósìn Ìkòròdú: Ó ti gbọ́ pé f/8 lẹ gbé wá.

Adùkẹ́ Canon: Kò sẹ́ni tó dárúkọ tòkunbọ̀ àtijọ́. Ẹni tó bá ń lo mirrorless Canon (kámẹ́rà tuntun tí kò ní dígí nínú), EF 70-200 f/4L ṣì wà lọ́jà. Adapter, òrùka ìsopọ̀, lẹ máa fi so ó. Adapter ọ̀hún ò ní gíláàsì kankan nínú, kò lè ba àwòrán jẹ́. f/4 ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyẹn sì ju gbogbo f/6.3 tí ẹ ń jà lé lórí yìí lọ.

Kìkì pé kẹ́ ẹ lajú. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ní ìsàlẹ̀ Èkó, ọkùnrin tó tà á fi ọmọ ẹ̀ búra fún mi. Mo délé, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, nǹkan funfun tínínrín ti ta gbòǹgbò ká inú gíláàsì. Fungus. Mo padà lọ, ó ní òun ò mọ̀ mí rí. Ẹ tan iná sí i níwájú ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ gba iwájú wò ó, ẹ gba ẹ̀yìn, ẹ yí súùmù dé òpin kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ó ń ha.

Dámọ́lá Abẹ́òkúta: Ọmọ wo ló fi búra?

Adùkẹ́ Canon: Bóyá kò tiẹ̀ ní.

Mummy Tèmi: Inú ìrẹsì ni mo ń kó tèmi sí. Fungus ò débẹ̀.

Baba Yàrá-Òkùnkùn: Rárá o. Ìyẹ̀fun ìrẹsì á wọ inú òrùka súùmù. Ike tó ní ìdérí tó dé pa ni, kẹ́ ẹ kó silica gel sí i, àwọn àpò kéékèèké tó máa ń bá bàtà tuntun wá yẹn. Tó bá ti fa omi yó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì máa lo lẹ́ǹsì yín. Èyí tí wọ́n tì mọ́nú àpò láti òjò dé òjò ni fungus máa ń gbé.

Mummy Tèmi: Baba, ọ̀fadà ni, kò ní ìyẹ̀fun.

Adùkẹ́ Canon: Ọ̀fadà ní òkúta, mà.

Alto Kejì: Ọkọ mi náà kó tiẹ̀ sínú ìrẹsì. Mo ti sè é.

Dámọ́lá Abẹ́òkúta: Lẹ́ǹsì ńkọ́?

Alto Kejì: Mo kọ́kọ́ yọ ọ́.

Akin Peckham: London ni mo wà o. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ níbí máa ń kọ gbogbo ibi tó ha sí lára rẹ̀, tí kò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn ẹ lè dá a padà. Mo rí 55-210 lọ́sẹ̀ tó kọjá, owó ẹ̀ ò ju ti bàtà eré ìdárayá lọ.

Tósìn Ìkòròdú: Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń bọ̀ nílé ní Disẹ́ńbà, àbí?

Akin Peckham: Kílò mi ti kún. Màmá mi ti kọ gbogbo ohun tí mo máa rù ránṣẹ́ láti Oṣù Kẹfà.

Ìyá Ìbejì Fọ́tò: Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará. Tamron ti kúrò lójú mi. Màá wá 55-210 tòkunbọ̀ fún pápá iléèwé, kí n máa tọ́jú owó 85 f/1.8 fún ṣọ́ọ̀ṣì. Nǹkan kan ló kù: ẹ̀gbọ́n Dámọ́lá, ẹ ò sọ ohun tí ẹ sọ fún ìyàwó ọjọ́ náà nípa fọ́tò òrùka.

Dámọ́lá Abẹ́òkúta: Mo sọ ọ́ di dúdú àti funfun. Mo ní àrà ni.

Sàkà Studio: Gbogbo wa la ti dá àrà yẹn rí.

Fẹ́mi Z50: Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí ẹ ń sọ yìí, ṣé ó máa wọ Nikon?

Káyọ̀dé a7: Ti Sony ò ní wọ̀ ọ́ ní tààrà. Ẹ wá Z DX 50-250 VR, òun ní ohun tó ń gba ìgbọ̀nrìrì nínú, torí Z50 fúnra rẹ̀ ò ní. Gíráàmù 405 ni.

Fẹ́mi Z50: f/mélòó?

Káyọ̀dé a7: 4.5 sí 6.3.

Tósìn Ìkòròdú: Ọ́ṣà ń dúró dè yín.