“Ìdajì ará ìlú”: ta ni wọ́n bi?

Ìyá Elélùbọ́, Adó-Èkìtì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láàárọ̀ àná ní Ọjà Ọba, rédíò orí àpò èlùbọ́ mi ní ìdajì ará ìlú ti mọ ẹni tí wọ́n máa dìbò fún. Mo bi gbogbo ìsọ̀ tó yí mi ká, wọn ò bi ẹnì kankan. Ṣé irọ́ ni?

Tíṣà Ìṣirò, Ìkẹ́rẹ́: Ìyá wa, ìdajì àwọn tó dáhùn ìbéèrè àwọn tó ń ṣèwádìí èrò ará ìlú ni, kì í ṣe ìdajì ìlú. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó, bí wọ́n bá ṣà wọ́n láìṣègbè. Ṣebí oníbàárà yín ń ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò kó tó rà? Lórí ẹgbẹ̀rún náà, àṣìṣe lè tó 3 nínú 100, sókè tàbí sísàlẹ̀. Nítorí náà, bí òǹdíje kan bá ní 48 nínú 100, tí èkejì ní 46, ìyẹn kì í ṣe “ó ti ṣíwájú”. Ọ̀rọ̀ yẹn ń bí mi nínú gan-an! Pípọ̀ nìkan náà kò tó: ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà gba ìdáhùn tó ju mílíọ̀nù 2 lọ, wọ́n ní Landon ló máa wọlé ìbò ààrẹ. Roosevelt ló wọlé.

Ọmọ Ìkọ̀lé: Èmi ka nípa òǹdíje kan pé “ó fi ìdá 25 nínú 100 lọ sókè”. Láti 20 nínú 100 sí 25 nínú 100 ni o, 5 péré ló fi lé!

Ìyá Elélùbọ́: Ẹ ṣeun, Tíṣà. Màá pe rédíò náà lọ́la: ènìyàn mélòó, níbo?