Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ mi ò tíì lè so okùn bàtà

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 8. Ó mọ ìwé kà dáadáa, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ń yọ ọ́ lẹ́nu, bí wọ́n bá sì ju bọ́ọ̀lù sí i, ọwọ́ rẹ̀ kì í bá a. Àwọn kan ń pè é ní ọ̀lẹ. Ó dùn mí gan-an, torí mo ń rí bó ṣe ń làágùn lórí ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi eré ṣe.

Dókítà ní developmental coordination disorder ni, ìyẹn ìṣòro tó ń mú kó ṣòro fún ọmọ láti darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Mo kà pé nǹkan bí ọmọ 5 sí 6 nínú 100 ló ní in. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ gbé jáde lọ́dún 2019 sì ní kí wọ́n kọ́ ọmọ ní ohun náà gan-an tó fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀? Ṣé kí n bẹ olùkọ́ rẹ̀ kó jẹ́ kó máa fi kọ̀ǹpútà kọ̀wé? Lánàá ló bi mí pé, “Kí ló dé tí ọwọ́ mi kì í gbọ́ràn?” Kí lẹ máa ń sọ fún tiyín?