Káàdì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú wo ló yẹ ẹni tó ń ti Dulles lọ sí Èkó?

Olùbéèrè, Maryland
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo máa ń lọ wo àwọn òbí mi ní Èkó, oṣooṣù ni iṣẹ́ sì ń gbé mi lọ sí Houston. United ni mo sábà máa ń wọ̀ láti Dulles, pápákọ̀ tó wà nítòsí Washington, ṣùgbọ́n bí owó Delta bá rọjú, mo máa ń gba Atlanta kọjá. Mo fẹ́ gba káàdì kírẹ́díìtì ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, kí máìlì tí mo bá kó jọ lè di tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyá mi. Ìmọ̀ràn yín ni mo ń tọrọ.

Ará Atlanta
Delta Gold, ọ̀kan nínú káàdì kírẹ́díìtì Delta, ni èmi ń lò. Ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, lẹ́yìn náà ni a ó máa san 150 dọ́là lọ́dọọdún. Báàgì àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ fún mi àti fún ènìyàn mẹ́jọ mìíràn tó bá wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà, bí mo tilẹ̀ fi káàdì mìíràn sanwó, níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà SkyMiles mi (ètò máìlì Delta) bá ti wà níbẹ̀. Àwa márùn-ún la jọ ń rìn, nítorí náà ó tó wa lò dáadáa.

Nọ́ọ̀sì Houston
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa Atlanta sọ, ṣùgbọ́n Atlanta ni ibùdó Delta, nígbà tí Dulles àti Houston jẹ́ ibùdó United, tó sì ti ń fò tààrà láti Dulles lọ sí Èkó láti ìparí 2021. Pápákọ̀ tí ẹ ti ń wọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ẹ̀bùn máìlì tí wọ́n fi ń fa ojú ènìyàn mọ́ra. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kíyè sí: wọ́n máa ń rò pé báàgì ọ̀fẹ́ yóò wúlò fún ẹrù Èkó, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì Èkó ló ti ní báàgì méjì tó jẹ́ kílò 23 ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú, tí káàdì kò sì ní fi nǹkan kan kún un. Ìrìnàjò Houston ni àǹfààní yẹn wà fún. Ẹ rántí pé káàdì United fúnra rẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì kí báàgì tó lè di ọ̀fẹ́, ẹnì kan ṣoṣo péré ló sì lè bá yín jẹ nínú rẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn, New Jersey
Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà tí ẹ ń tọ̀. Ẹ wo Chase Sapphire Preferred, káàdì báńkì Chase tó ń fún ni ní póìntì bí a bá fi ra nǹkan, tí owó ọdọọdún rẹ̀ jẹ́ 95 dọ́là. Póìntì rẹ̀ kan máa ń di máìlì kan ní United, British Airways, Virgin Atlantic tàbí Air France àti KLM, gbogbo wọn ló sì ń fò dé Èkó. Kò wọ Delta, kò sì ní báàgì ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n iye máìlì tí United àti Delta ń béèrè fún tíkẹ́ẹ̀tì máa ń yí padà lójoojúmọ́, ẹni tí póìntì rẹ̀ sì lè gba ọ̀nà mẹ́rin kò ní há sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìbejì, Chicago
Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ máa san gbogbo gbèsè orí rẹ̀ lóṣooṣù, ọmọ mi. Mo fi káàdì ra páànù ilé wa ní Abẹ́òkúta, mo sì jẹ́ kí 3,000 dọ́là wà lórí rẹ̀ fún ọdún kan. Èlé rẹ̀ lé ní 600 dọ́là, kò sì sí máìlì tó lè dá owó yẹn padà fún mi.

Olùbéèrè, Maryland
Ẹ ṣeun púpọ̀, mo sì gbọ́ tiyín, mà. Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Houston ló là mí lójú, nítorí iléeṣẹ́ mi ló ń fi káàdì tiwọn ra tíkẹ́ẹ̀tì Houston fún mi.

Nọ́ọ̀sì Houston
Háà, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn! Báàgì ọ̀fẹ́ United kò ní kàn yín. Máìlì ìrìnàjò náà ṣì jẹ́ tiyín, ẹni yòówù kó sanwó. Ẹ gba èyí tí Ọmọ Ìbàdàn dárúkọ, kí ẹ máa da póìntì rẹ̀ pọ̀ mọ́ máìlì United yín. Ẹ má tètè kó póìntì náà wọ United ṣá, torí kò ṣeé dá padà; ẹ kọ́kọ́ rí àyè tíkẹ́ẹ̀tì màmá ná.